Gollrod, Abúlé Tí Mo Ń Wò Lókèèrè

Würzburg, Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kẹsàn-án 1974

Wọ́n ti gbà. Ẹ̀ẹ̀kẹrin tí mo kọ̀wé bẹ̀ wọ́n nìyí. Ẹ̀ẹ̀mẹta àkọ́kọ́, wọ́n kọ̀, wọn ò sì sọ ìdí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fún mi ní Meiningen, ní òdìkejì ààlà tó pín ilẹ̀ wa sí méjì lẹ́yìn ogun, láti ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù yìí, pé kí n wá ka àwọn ìwé àtijọ́ ti àwọn ìjòyè Henneberg. Mo ka lẹ́tà náà lórí àtẹ̀gùn, mo tún un kà nínú yàrá, mo wá gbé e sórí tábìlì, mo ń wò ó bí ẹni ń wo àlejò tí kò tíì sọ ohun tó bá wá.

Òjò ń rọ̀ látàárọ̀. Odò Main ti pọ́n.

Ó yẹ kó jẹ́ pé orí kẹta ìwé mi ni mo kọ́kọ́ rántí. Màmá ni mo rántí.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Reuß. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ń nù ún. Bí inú rẹ̀ bá dùn, ohun tó máa ń ṣe nìyẹn.

"Dókítà Amthor, ọwọ́ yín ti tẹ ohun tí èmi wá títí tí mo fi darúgbó. Ẹ má fi ṣòfò."

"Mi ò ní fi ṣòfò."

"Orí kẹta ni mò ń sọ. Ẹ kọ ọ́ bí ẹni ń júwe ilé tí kò wọ̀ rí. Ìgbìmọ̀ á rí i. Ọjọ́ kejìlélógún oṣù kọkànlá lẹ máa dúró níwájú wọn. Tí ẹ bá yege, yunifásítì yòówù lè pè yín wá ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Tí ẹ ò bá yege…"

Kò parí rẹ̀. Mo ti pé ẹni ogójì ọdún, mo mọ bó ṣe ń parí.

Gollrod àti àwọn abúlé tó yí i ká ni orí kẹta dá lé. Ó mọ̀ pé ibẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Kò mẹ́nu bà á. Ọmọlúàbí ni.

Ọjọ́ Àìkú, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Ojú ọjọ́ mọ́, mi ò lè jókòó sílé. Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí ilé ìṣọ́ gíga tó wà létí ààlà, mo gun ún dé òkè, mo ju owó sínú awò tí ń fa ohun tó jìnnà mọ́ra. Òkè Gleichberg méjèèjì nìyẹn, wọ́n dúró ti ara wọn bí ìgbà gbogbo. Mo yí awò náà sí ìsàlẹ̀ díẹ̀, mo rí ṣóńṣó ilé ìjọsìn Gollrod. Mo rí òrùlé wa. Àbí òrùlé àwọn Schippel ni, mi ò dá a mọ̀ mọ́. Èéfín ń jáde níbẹ̀. Ẹnìkan ń dáná.

Ọkùnrin kan tó kó ìyàwó àti ọmọ wá dúró lẹ́yìn mi, wọ́n ń retí àyè.

"Ṣé ohun tí a wá wò láti ọ̀nà jíjìn nìyí?" ọkùnrin náà bi ìyàwó rẹ̀. "Abúlé ṣáá ni."

"Kí lo rò pé o máa rí? Èèyàn tó hu ìwo lórí ni?"

Mo fún wọn láyè. Owó mi kò tíì tán nínú awò náà nígbà tí mo kúrò.

Oṣù karùn-ún ọdún 1952 ni mo jáde nílé, mò ń lọ ṣe ìdánwò ìwọlé ní Würzburg, aṣọ ọ̀sẹ̀ kan ló wà nínú báàgì mi. Kí n tó padà, wọ́n ti ta wáyà dí ààlà, mi ò sì lè wọlé mọ́. Láti ìgbà náà, Màmá ló ń wá sọ́dọ̀ mi. Àwọn aláṣẹ ìhà lọ́hùn-ún kì í dá arúgbó dúró: arúgbó tí kò bá padà ti fi owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ fún wọn. Ọdọọdún ló ń wá, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ lọ́dún kẹta sẹ́yìn. Inú agbègbè èèwọ̀ létí wáyà gan-an sì ni Gollrod wà. Ìwé àṣẹ Meiningen kò gbé èèyàn débẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 Oṣù Kẹsàn-án

Mo di ẹrù. Kọfí, ṣokoléètì, ìbọ̀sẹ̀ fún Gerlinde ẹ̀gbọ́n mi, ṣáálì onírun fún Màmá. Kọfí ti tún wọ́n sí i. Mo tú u lẹ́ẹ̀mejì, mo tún un dì.

Meiningen, Ọjọ́ Ajé, 30 Oṣù Kẹsàn-án

Aṣọ́bodè tú gbogbo àpótí mi sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin.

"Kí lẹ ń wá ní Meiningen?"

"Àwọn àgbẹ̀ tó ti kú láti ẹgbẹ̀ta ọdún."

"Àwọn òkú ò sí lọ́dọ̀ yín lọ́hùn-ún ni?"

"Wọ́n wà. Àwọn tèmi ló wà níbí."

Ó wò mí dáadáa, ó sì da ìbọ̀sẹ̀ Gerlinde padà sínú àpótí, ó tiẹ̀ ká a.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀, èéfín èédú ló kọ́kọ́ kí mi. Òórùn yàrá ìdáná wa ni, láràárọ̀, kí n tó lọ sílé ìwé. Mo gbé àpótí sílẹ̀ níbẹ̀, mo dúró díẹ̀. Obìnrin kan bi mí bóyá mo ṣìnà ni.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gbẹ́ni Langguth ló ń ṣọ́ yàrá ìkàwé níbẹ̀, ọkùnrin gíga, ó wọ súwẹ́tà tí ìgúnpá rẹ̀ ti já. Ó gbé àpótí àkọ́kọ́ wá bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ọdún méjìlá ni mo ti ń ka àwọn ìwé wọ̀nyí nínú àdàkọ àwọn ẹlòmíràn. Òní ni mo fọwọ́ kan awọ àgùntàn náà fúnra mi. Ó le, ó tutù, èdìdì rẹ̀ sì wúwo ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹni tó kọ ọ́ ṣe àṣìṣe lórí ìlà kẹsàn-án, ó fi ọ̀bẹ ha á kúrò. Àdàkọ kankan ò sọ ìyẹn fún mi rí.

Mo ṣiṣẹ́ títí Langguth fi wú ikọ́ ní ẹ̀ẹ̀kejì pé àkókò tó láti tilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Gerlinde wá. Ó ti pé ọdún méjìlélógún tí a fojú kan ara wa gbẹ̀yìn. Mo rí i láti òkèèrè níwájú ilé eré, mo dá ìrìn rẹ̀ mọ̀ kí n tó dá ojú rẹ̀ mọ̀. Bí bàbá wa ló ṣe ń rìn.

"O ti sanra," ló wí.

"Ìwọ náà ti hewú."

"Irun nìkan ni. Ẹnu mi ṣì wà bó ṣe wà."

A di mọ́ ara wa, kò sì jọ pé ẹnìkan nínú wa mọ ìgbà tó yẹ ká tú u sílẹ̀. A jẹ ọ̀dùnkún tí wọ́n rọ róbótó pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹran. Ó ní tiwọn le bí òkúta, ó sì jẹ mẹ́rin. Lẹ́yìn náà a jókòó sí ọgbà, ewé ń já lé wa lórí.

"Kí lo tiẹ̀ ń wá nínú ilé àwọn ìwé àtijọ́ yẹn?" ló bi mí.

Mo sọ fún un pé láyé ọjọ́un, ìjòyè Henneberg àti bíṣọ́ọ̀bù Würzburg jọ ni Gollrod ni, pé ìdajì àwọn àgbẹ̀ ń san ọkà fún ọ̀kan, ìdajì ń san fún èkejì. Mo ní mo fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n lè fi ọ̀gá kan sílẹ̀ bọ́ sọ́dọ̀ èkejì láìsí wàhálà.

Ó gbọ́ ọ títí dé òpin.

"O mọ ẹni tó ń ru ọkà ní Gollrod ní ẹgbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Ta ló ń ru èédú Màmá wọlé báyìí?"

"Ìwọ ni."

"Èmi kọ́. Ẹ̀yìn ń dùn mí láti ọdún tó kọjá. Schippel aládùúgbò wa ni."

"O ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà."

"Kí lèèyàn ń sọ nínú lẹ́tà, Burgel? Àwọn kan á ti kà á kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Mo béèrè bí Màmá ṣe wà. Ó gbé ewé kan kúrò lórí yẹ̀rì rẹ̀.

"Láàárọ̀, orí rẹ̀ pé. Tó bá di ọ̀sán, ó máa ń rò pé ilé ìwé lo lọ. Ó máa ń ní kí n má palẹ̀ àwo rẹ mọ́."

Mi ò lè kọ jù báyìí lọ lónìí.

Ọjọ́bọ̀, 10 Oṣù Kẹwàá

Nǹkan méjì, kò sí èyí tó dára nínú wọn. Mo lọ bẹ àwọn ọlọ́pàá pé kí wọ́n fún mi ní ìwé àṣẹ ọjọ́ kan péré sí Gollrod, torí ìyá mi tó ń ṣàìsàn. Ọ̀gá tó wà níbẹ̀ kò tiẹ̀ jókòó. Ó ní rárá.

Mo padà sí yàrá ìkàwé, mo béèrè àpótí Gollrod. Langguth ní wọ́n gbé e lọ tún ṣe, pé omi bà á jẹ́ nígbà ogun.

"Ṣé ó lè dé kí n tó lọ?"

"Mo ti fóònù wọn. Mo máa tún fóònù."

"Tí kò bá dé, ṣé wọ́n lè ya àwòrán rẹ̀ fún mi?"

"Ẹ kọ̀wé bẹ̀bẹ̀. Ọdún kan. Bóyá méjì." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Èmi ò ní purọ́ fún yín, Dókítà Amthor."

Ọjọ́ Ẹtì, 11

Òjò. Kò tíì dé.

Ọjọ́ Ajé, 14

Kò tíì dé. Mo ka gbogbo ohun tí wọ́n ní lórí àwọn abúlé tó kù. Orí kejì ti dúró dáadáa. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Ọjọ́rú, 16 Oṣù Kẹwàá

Langguth bá mi lẹ́nu ọ̀nà: ọ̀la ni àpótí náà ń bọ̀. Ọjọ́ kan ṣoṣo, torí Ẹtì ni mo gbọ́dọ̀ kúrò. Mo dúpẹ́ títí ojú fi ń tì í.

Nígbà tí mo dé ilé tí mo wọ̀ sí, onílé ní ẹ̀gbọ́n mi ti fóònù: Schippel á fi ọkọ̀ Trabant rẹ̀ gbé Màmá wá lọ́la, ní ago méjì ọ̀sán. Ọ̀la kan náà. Mo rò ó dáadáa: mo máa ṣiṣẹ́ láti ago mẹ́jọ, màá jáde ní ago méjì. Méjèèjì ṣeé ṣe.

Ọjọ́bọ̀, 17 Oṣù Kẹwàá

Mo fẹ́ kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Langguth gbé àpótí náà wá ní ago mẹ́jọ kọjá díẹ̀. Ìwé mọ́kàndínlógún ni. Mo tú èyí àkọ́kọ́, mo rí orúkọ abúlé wa lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ akọ̀wé kan tó ti kú tipẹ́ ló kọ ọ́ wúruwùru. Mo ka ìlà mẹ́ta. Langguth dúró tì mí.

"Obìnrin kan wà nísàlẹ̀. Ó ní ìyá yín wà nínú ọkọ̀."

Gerlinde dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń mí hẹlẹ.

"Ago mẹ́rin ìdájí ló ti jí," ló wí. "Ó wọ aṣọ, ó dé fìlà, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní tí a ò bá gbé òun, òun á fẹsẹ̀ rìn. Wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ yí iṣẹ́ Schippel padà sí ago kan. Ohun tí a rí nìyí."

Màmá wà lórí ìjókòó ẹ̀yìn nínú ọkọ̀, ó ti kéré gan-an. Mo wọlé jókòó tì í. Ó fọwọ́ kan ojú mi, ó fọwọ́ kan ọrùn kóòtù mi, ó tún un ṣe.

"Ìwọ nìyí. O pẹ́."

"Ọkọ̀ ni kò tètè dé, Màmá."

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ẹ̀yin ńkọ́?"

 Ó ń wò mí bí ẹni tí nǹkan kan fẹ́ bọ́ sọ́kàn rẹ̀.

"Ìdánwò yẹn. Ṣé o yege?"

Gerlinde yí ojú sí fèrèsé. Mo ní, "Mo yege, Màmá."

"Ó dáa. O lè máa bọ̀ nílé nígbà náà."

Wákàtí méjì la lò nínú ilé kọfí. Ó jẹ àkàrà òyìnbó eléso púlọ́ọ̀mù, ó ní ṣúgà rẹ̀ kéré. Ó bi mí bóyá wọ́n ń tan iná dáadáa nínú yàrá mi. Ó bi Schippel bóyá ó ti níyàwó, ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ. Ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì ní gbogbo àkókò náà.

Nígbà tó tó àtilọ, tí a ti wọ ọkọ̀, Gerlinde ní, "Sọ̀ níbí, padà sídìí àpótí rẹ. Ó ṣì kù fún ọ títí di ago mẹ́rin."

Mo mọ̀. Mo mọ ohun tó wà lórí tábìlì náà ju ẹnikẹ́ni lọ.

"Mo fẹ́ sìn yín dé ibi tí ọ̀nà bá gbà mí dé."

"Bọ́ọ̀sì kan ṣoṣo ló ń padà níbẹ̀, ago márùn-ún."

"Mo gbọ́."

 Schippel ti ọkọ̀ sí jíà, a sì lọ.

Ọ̀pá ìdènà agbègbè èèwọ̀ náà wà lẹ́yìn igbó kan tí mo mọ̀ láti kékeré, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun. Sójà ọmọdékùnrin kan gba ìwé wọn. Mo fi ẹnu kan iwájú orí Màmá, mo sọ̀ kalẹ̀.

"Kí ló dé tó ń sọ̀?" Màmá bi Gerlinde.

"Ó fẹ́ na ẹsẹ̀, Màmá."

"Kó má pẹ́. Ọbẹ̀ á tutù."

Ọ̀pá náà gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà yí kọ́nà. Sójà náà ní kí n má dúró níbẹ̀, mo sì lọ dúró sí ibi bọ́ọ̀sì, lábẹ́ igi kan, mo dúró níbẹ̀ títí bọ́ọ̀sì fi dé.

Ọjọ́ Ẹtì, 18 Oṣù Kẹwàá

Langguth wá sí ibùdókọ̀ ojú irin. Kò sọ nǹkan kan nípa àpótí. Ó fún mi ní ápù mẹ́ta nínú ìwé ìròyìn.

Würzburg, Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá

Mo sọ fún Ọ̀jọ̀gbọ́n Reuß. Ó nu awò ojú rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí inú dídùn.

"Ẹ lè kọ pé ìwé náà kò dé. Kò sẹ́ni tó máa yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ó dé."

"Mo mọ̀ pé ó dé." Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí, nígbà náà. Ìṣòro ni, ṣùgbọ́n tiyín ni."

Ọjọ́ Àìkú, 17 Oṣù Kọkànlá

Ọ̀fìnkìn. Yìnyín àkọ́kọ́ lórí afárá. Mo tún orí kẹta kọ, ó ti kúrú sí ìdajì. Ibi tí mi ò mọ̀, mo kọ pé mi ò mọ̀. Ó wà níbẹ̀ bí ilé tí ògiri kan wó.

Ọjọ́ Ẹtì, 22 Oṣù Kọkànlá

Ọkùnrin mẹ́sàn-án, èmi nìkan lobìnrin. Mo sọ̀rọ̀ lórí abúlé tó ní ọ̀gá méjì. Ohùn mi dúró. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebersbach, tí gbogbo èèyàn ń bẹ̀rù, ló kọ́kọ́ béèrè.

"Ẹ kọ ọ́ síbí pé ìwé mọ́kàndínlógún wà tí ẹ ò kà, tó jẹ́ pé orí wọn gan-an lọ̀rọ̀ yín dúró lé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ lò níbẹ̀. Kí ló fà á?"

"Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n gbé wọn wá. Ọjọ́ yẹn náà ni ìyá mi wá láti agbègbè èèwọ̀. Mo bá ìyá mi lọ."

"Ṣé ìdáhùn onímọ̀ nìyẹn?"

"Rárá. Ìdáhùn tèmi ni."



"Ẹ ní ẹ ka ìlà mẹ́ta. Kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Ìkíni, Ọ̀jọ̀gbọ́n. 'Àwa ń kí gbogbo ẹni tó bá rí ìwé yìí, àti ẹni tó bá gbọ́ tí wọ́n ń kà á.' Mi ò tíì dé ibi ọ̀rọ̀."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ ẹ̀yìn. Ebersbach kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ nǹkan kan sílẹ̀, kò sì béèrè mìíràn. Wọ́n ní kí n jáde. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń wo eruku lára fèrèsé. Nígbà tí Reuß ṣí ilẹ̀kùn, awò ojú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń nù ún.

Mo yege. Mo kọ ọ́ sí Màmá lójú ẹsẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, òtítọ́ tuntun ni.

Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejìlá

Lẹ́tà láti yunifásítì kan létí òkun, ní àríwá pátápátá. Wọ́n ń wá ọ̀jọ̀gbọ́n, láti oṣù kẹrin. Wọ́n fẹ́ ìdáhùn kí Kérésìmesì tó dé. Mo wo àwòrán ilẹ̀ náà. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sí òkè kankan tí èèyàn lè gùn láti wo ohunkóhun.

"Ẹ lọ," ni Reuß wí. "Irú rẹ̀ kì í wá lẹ́ẹ̀mejì."

Mi ò tíì dáhùn.

Ọjọ́ Ajé, 9 Oṣù Kejìlá

Tẹligíráàmù láti ọ̀dọ̀ Gerlinde: Màmá kú lánàá. Ìsìnkú Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ti fún ọ ní ìwé àṣẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 14 Oṣù Kejìlá

Mo dé Gollrod lọ́jọ́bọ̀.

Ọ̀pá náà gòkè, Schippel wa ọkọ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú mi nínú rẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Màmá wà láàyè, wọn ò gbà kí n wá. Nígbà tó kú, wọ́n fún mi láti àárọ̀ títí di ago mẹ́fà.

Abúlé náà kéré. Láti orí ilé ìṣọ́ ó máa ń tóbi lójú mi. Èèyàn díẹ̀ ló wá sí ibojì, ilẹ̀ ti dì, wọ́n fi àáké gbẹ́ ẹ. Àwọn kan bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n sì wo ẹ̀yìn wọn kí wọ́n tó bọ̀ mí. Ìyàwó Schippel ní ohùn mi ti di ti ará Würzburg. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Lẹ́yìn náà àwa méjèèjì nìkan ló kù ní yàrá ìdáná. Gerlinde bu ọbẹ̀ fún mi, mo jẹ ẹ́ tán.

"Ó ka lẹ́tà rẹ," ló wí. "Láàárọ̀ ni, orí rẹ̀ pé. Ó ní, 'Mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti sọ fún mi nínú ọkọ̀.'"

Mo sọ fún un nípa iṣẹ́ létí òkun, pé mo fẹ́ kọ̀ ọ́, kí n lè wà nítòsí.

"Nítòsí kí ni? Orí ilé ìṣọ́?"

"Nítòsí rẹ."

"Burgel, bí mo bá pé ọgọ́ta ọdún, èmi náà á di arúgbó, wọ́n á jẹ́ kí n máa wá. Ọdún 1990 nìyẹn. Ṣé o fẹ́ kí n wá bá ọ ní Würzburg tí mo ti mọ odò rẹ̀ nínú àwòrán? Mi ò rí òkun rí. Gba iṣẹ́ náà. Wá ilé tó ní àyè fún ẹni méjì."

Ó ń palẹ̀ mọ́ bó ṣe ń sọ ọ́, kò wo ojú mi. Mo kọ̀wé sí wọn lánàá: mo ti gbà.

Ní ago márùn-ún, ilẹ̀ ti ṣú, Schippel ti ń tan ọkọ̀ níta. Mo lọ mú kóòtù mi nínú yàrá Màmá. Mo na ọwọ́ sí ògiri láti tan iná, níbi tí bọ́tìnì rẹ̀ ti wà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo fọwọ́ wá a lókè, mo wá a nísàlẹ̀, ògiri náà ń dán, ó tutù. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Gerlinde lẹ́yìn mi.  Ó di ọwọ́ mi mú nínú òkùnkùn, ó gbé e lọ sí òdìkejì ilẹ̀kùn, ó sì fi ìka mi tẹ bọ́tìnì náà.